Káńfọ̀ Nínú Aṣọ Ọláníran

Ìyá Àgbà ti wẹ ọmọ tán. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó fi àdín pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Òjò ń rọ̀ níta. Omi ti dúró sí gbogbo ẹ̀yìn ilé, ẹ̀fọn sì ń kùn lábẹ́ àga lójú ọ̀sán gangan.

"Ìyàwó mi, mú aṣọ wá," ni Ìyá Àgbà wí. Ìyá ọkọ ni. Ìkirè ló ti wá láti wá wẹ ọmọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Rosaline Ògúndípẹ̀ ṣí àpótí aṣọ. Aṣọ tí àkọ́bí rẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá, wọ̀ nígbà tó wà ní ìkókó ló kún inú rẹ̀: ṣímí, súwẹ́tà, fìlà òwú, ìbọ̀sẹ̀, nápíkì àti kúbùsù aláwọ̀ ewé kan. Nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá dàgbà jù wọ́n lọ, Rosaline fọ̀ wọ́n, ó ká wọn, ó sì ju káńfọ̀ róbótó-róbótó sáàárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ní ọdún 1978, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Clement, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, rí fúláàtì gbà ní Festac Town, àpótí náà bá wọn kó wá láti Mushin. Wọn kò tíì tú u látìgbà náà.

Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá.

"Ó ń ta sánsán," ni Ìyá Àgbà wí. Ó wọ ṣímí àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ, ó dé e ní fìlà, ó fi kúbùsù wé e. Ọmọkùnrin ni. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ọjọ́ ìkómọ kò tíì pé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rosaline gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé láti fún un lọ́mú. Ọmọ la ojú. Ibi tó yẹ kó funfun nínú ojú rẹ̀ ti pọ́n bí èèpo ọsàn.

Rosaline gbé ọmọ sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó wà ní kékeré ní Òǹdó, ìyá rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan lé e. Ojú ọmọ náà pọ́n báyìí, ó kọ ọmú, ó sì kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Wọn kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ nínú ilé. Nígbà tí Rosaline ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn àna má baà sọ pé ọmọkùnrin kì í dúró ní ìdílé wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ojú ọmọ," ni Rosaline wí.

Ìyá Àgbà wò ó. "Ibà pọ́njú ni. Àwọn ọmọ tuntun máa ń ní in. Clement gan-an ní in. Ká gbé e sí oòrùn àárọ̀, ká fún un lómi ìbẹ́pẹ, yóò lọ."

"Oòrùn dà, Màmá?"

Ìyá Àgbà gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ó dúdú. "Omi ìbẹ́pẹ yóò ṣe é," ló wí. Ó lọ se ìbẹ́pẹ dúdú, ó sì fún ọmọ mu díẹ̀.

Nígbà tí Clement dé láti ibi iṣẹ́, ó gbé ọmọ, ó yẹ ojú rẹ̀ wò. "Ṣé ká kúkú gbé e lọ sí ọsibítù?"

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gún un," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ tuntun kì í ṣe ẹni tí à ń gbé jáde nínú òjò. Ẹ jẹ́ ká kó o jáde ná, lẹ́yìn náà ẹ lè gbé e lọ síbi tó bá wù yín."

Clement yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ẹ̀bùn, kí lo rí sí i?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Rosaline. Ó rí ojú àbúrò rẹ̀ lọ́kàn. Ó tún wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń fi ṣíbí da omi ìbẹ́pẹ sí ọmọ lẹ́nu. "Ohun tí Màmá bá sọ náà ni," ló wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò mú ọmú. Bí Rosaline bá ki ọmú sí i lẹ́nu, á jẹ́ kó yọ́ bọ́. Ẹkún rẹ̀ ti tín-ín-rín, bí ìgbà tí ọmọ ológbò bá ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n tú nápíkì rẹ̀, ìtọ̀ inú rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Pípọ́n náà kò mọ sí ojú nìkan mọ́, ó ti dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Òtútù ló ń mú un," ni Ìyá Àgbà wí. Ó lọ mú súwẹ́tà kan nínú àpótí, ó wọ̀ ọ́ fún un lé ṣímí tó wà lára rẹ̀, ó sì fi kúbùsù náà bò ó dé ọrùn.

Ọjọ́ Sátidé ni. Àǹtí Fàósátù, agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà ní Kuje lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac níbi tí Rosaline ti bímọ, a máa yà lọ́dọ̀ àwọn tó bá gbẹ̀bí fún. Ó kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omi òjò lẹ́sẹ̀. Bó ṣe wọ yàrá, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Káńfọ̀ ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Aṣọ ọmọ."

Àǹtí Fàósátù kò jókòó. Ó gbé ọmọ, ó wo ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ àyà rẹ̀, ó wo nápíkì tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí kúbùsù kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ ọmọ: súwẹ́tà, ṣímí, fìlà, ìbọ̀sẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ dà síta lórí bálíkónì. Ó ní kí wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ wá, ó fọ àdín kúrò lára ọmọ, ó tú ìborùn tirẹ̀, ó sì fi wé e.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń bọ́ ọ láṣọ?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Òtútù ń pa á."

"Màmá, káńfọ̀ yẹn ló ń pa á. Àdín tí ẹ fi pa á lára ló sì ń jẹ́ kó tètè wọ̀ ọ́ lára."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ aṣọ yìí kan náà. Káńfọ̀ kan náà ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, kò ṣe é ní nǹkan kan."

Ẹ̀bùnlọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ni Àǹtí Fàósátù wí. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká jókòó sọ ọ́. Bọ̀dá Clement, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín. Ọsibítù ńlá la ń lọ. Ohun tí ọmọ yìí nílò kò sí lọ́dọ̀ wa ní Kuje."

Wọ́n fi Ẹ̀bùnlọlá sọ́dọ̀ àwọn ará òkè ilé. Clement wa ọkọ̀ fọkusi rẹ̀ jáde sí títì Badagry. Òjò ń lu gíláàsì iwájú, àwọn tánkà tó ń ti Satellite Town bọ̀ sì ń da omi bo ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìyá Àgbà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Rosaline jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lórí itan, Àǹtí Fàósátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọn kò tíì rìn jìnnà sí Alákijà tí ara ọmọ fi le gan-an. Ó da orí sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì. Ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde.

"Àǹtí," ni Rosaline wí. "Àǹtí, ẹ wò ó."

"Mo rí i. Gbé orí rẹ̀ lé apá rẹ. Bọ̀dá Clement, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ máa wa ọkọ̀."

Ní ọsibítù, obìnrin ni dókítà àwọn ọmọdé tó gbà wọ́n. Dókítà Gbádégẹṣin ni wọ́n ń pè é. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọmọ, ó ní kí wọ́n sáré gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń to nǹkan sílẹ̀, ó kọjú sí Rosaline.

"Ìyá ọmọ, ǹjẹ́ ọmọkùnrin kankan ti ṣe báyìí rí ní ìdílé yín?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọkọ rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Rosaline tẹjú mọ́lẹ̀. "Àbúrò mi ọkùnrin," ló wí. "Ojú rẹ̀ pọ́n, kò mú ọmú. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ tó fi kú."

Ìyá Àgbà yíjú sí i. "O mọ̀."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí."

Dókítà kò fún wọn láyè láti bá ọ̀rọ̀ náà lọ. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ń fọ́ nínú ara rẹ̀. Ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń jẹ́ kó pọ́n. Tí pípọ́n náà bá wọ ọpọlọ, ó lè pa á. Tí kò bá pa á, ó lè sọ ọ́ di arọ tàbí adití. A máa fa ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀, a máa fi ẹ̀jẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bàbá ọmọ, ẹ tẹ̀lé nọ́ọ̀sì yìí kí ẹ lọ fún wa ní ẹ̀jẹ̀, kí èyí tí a fẹ́ lò lè ní arọ́pò."

"Ṣé yóò yè?" ni Clement bi í.

"Iṣẹ́ tí a fẹ́ lọ ṣe nìyẹn," ni dókítà wí, ó sì wọlé.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Clement padà dé, ó di òwú mọ́ apá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dìde, nọ́ọ̀sì á sì kọjá láìwo ojú wọn, wọ́n á tún jókòó. Rosaline gbọ́ ẹkún ọmọ kan láti inú, ó dì mọ́ ọwọ́ Àǹtí Fàósátù. Kì í ṣe ẹkún ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan jáde níbẹ̀ pẹ̀lú kúbùsù tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ méjì dì í mú. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo ojú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí dókítà jáde. "Ó ṣì wà láàyè," ló wí. "A ó tún wò ó lọ́la. Tó bá tún ga, a ó tún ṣe é."

Wọ́n tún ṣe é. Ọjọ́ ìkómọ dé, ó sì kọjá, ọmọ wà nínú àpótí onígíláàsì lábẹ́ iná aláwọ̀ aró tí wọ́n fi ń lé pípọ́n. Ibẹ̀ ni Clement ti fi ẹnu kan gíláàsì náà, tó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́: Ọláníran.

Nígbà tí pípọ́n náà fi ara rẹ̀ sílẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmú, dókítà pe ìdílé náà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àyẹ̀wò ti jáde. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé àrùn ìdílé wọn ni?"

Rosaline kò gbé ojú sókè.

"Màmá, ibà ń pa ọmọ ní Ìkirè, àbí kì í pa á?"

"Ibo ni kì í ti í pa á?"

"Ibi tí kì í ti í pa á wà. Ní ilẹ̀ òtútù tí ẹ̀fọn kì í gbé, ọmọ lè dàgbà kó má mọ ibà. Níhìn-ín ńkọ́? Àbàtà ni ibi tí wọ́n kọ́ Festac sí. Gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ wa, láti etí omi wọ inú igbó, láti ayébáyé ni ibà ti ń kó ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ kò rí bákan náà. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oró. Àwa dókítà ń pè é ní G6PD. Ó pọ̀ lára àwọn kan, ó kéré lára àwọn mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ tí G6PD bá kéré nínú rẹ̀, kòkòrò ibà kì í rí ibẹ̀ gbilẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, tí ibà bá jà nínú abúlé, àwọn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí ń ṣẹ́kù ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, wọ́n fi í jogún fún ọmọ. Láti ìran dé ìran, ó ń pọ̀ sí i, títí ó fi di pé nínú ọmọkùnrin márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá, ó súnmọ́ kí ọ̀kan ní in. Kò sẹ́ni tó yàn án. Ibà ló ń ṣà wá lẹ́ṣà."

"Ó dà bíi ti màlúù," ni Ìyá Àgbà wí. "Àwọn màlúù kúkúrú wà ní abúlé wa. Eṣinṣin inú igbó á máa ta wọ́n, wọn ò ní ṣe bí ẹni mọ̀. Lọ́dún kan, bàbá Clement ra oníwo gígùn kan láti Òkè Ọya. Ó tóbi, ó lẹ́wà. Kò pẹ́ nínú igbó náà tó fi rù, tó sì kú."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá. Màlúù ni àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ tí ìran wọn ti gbé pẹ́ ló yàtọ̀. Tí ẹ bá sì gbé kúkúrú yẹn lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ ní Òkè Ọya, bóyá òun ló máa kọ́kọ́ ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ tó gba àwọn ìyá ńlá ìyàwó yín lọ́wọ́ ibà kò bá káńfọ̀ pàdé rí. Àná yìí ni káńfọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, oró rẹ̀ ló sì fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí."

"Ẹ̀bùnlọlá ńkọ́?" ni Clement bi í. "Ó wọ aṣọ yẹn."

"Ìyá ló ń fún ọmọkùnrin ní èyí, kì í ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Obìnrin ní ìpín méjì lára rẹ̀. Tí ọ̀kan bá kéré, ìkejì lè ràn án lọ́wọ́. Bí ti ìyàwó yín ṣe rí nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí ti Ẹ̀bùnlọlá náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kò ní ju ìpín kan lọ. Tí ìyẹn bá kéré, kò sí arọ́pò. Obìnrin mìíràn náà a máa kó sínú rẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n." Ó wo Rosaline. "Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ, o ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ká ní o sọ ti àbúrò rẹ fún agbẹ̀bí rẹ nígbà tí o wà nínú oyún, ì bá ti kìlọ̀ fún ọ nípa káńfọ̀ kí ọmọ yìí tó dé ayé."

Rosaline bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló sọ pé, "Dókítà, àbúrò mi obìnrin, Bíọ́dún, wà ní Alákijà. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ. Ìyá kan náà ló bí wa."

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, Ìyá Àgbà ti dìde, ó ń wá ìborùn rẹ̀. "Clement, gbé mi lọ síbẹ̀," ló wí. "Nísinsìnyí."

Òun fúnra rẹ̀ ló tú àpótí Bíọ́dún, òun ló kó gbogbo káńfọ̀ ibẹ̀ dànù, tó sì ní kí Bíọ́dún lọ ra aṣọ tuntun fún ọmọ tó ń bọ̀. Ó jókòó ti Bíọ́dún, ó sọ ti ọmọkùnrin tó kú ní Òǹdó fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, nítorí Bíọ́dún kò gbọ́ ọ rí. Ọmọkùnrin ni Bíọ́dún bí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bákan náà ló rí pẹ̀lú ti Ọláníran. Ojú rẹ̀ kò pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ó ń mú ọmú, ó ń sanra.

Ọláníran náà wà láàyè. Ó jókòó, ó rákò, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn pa gbàgà lẹ́yìn rẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá fò sókè, Ọláníran kò sì yíjú. Rosaline dúró níbi tó wà. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ. Ó tún pa á. Ọmọ ń bá eré rẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Gbádégẹṣin. Ó ní pípọ́n ọjọ́sí ti ba etí rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé. Ohùn tó bá ròkè gan-an létí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ká ní wọ́n gbé e wá ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀, bóyá kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, tí Rosaline bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, á lóṣòó síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun.

Ẹ̀yin òbí, ní Festac, ní Kuje, ní Alákijà, ní Satellite Town àti níbi gbogbo tí ẹ bá ń gbé, ẹ̀rù tó ba ìdílé yìí lè má dé ọ̀dọ̀ yín tí ẹ bá ṣọ́ra. Ẹ má fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ tuntun, ìbáà jẹ́ aṣọ tuntun tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aṣọ tó ti wà pẹ̀lú káńfọ̀, títa sí afẹ́fẹ́ nìkan kò tó. Ẹ wá òmíràn fún ọmọ. Ẹ yẹra fún páúdà àti ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù, èyí tó máa ń tutù lára, ẹ má sì fún ọmọ tuntun lóògùn tàbí àgbo kankan láìbi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Omi ìbẹ́pẹ kì í wo pípọ́njú.

Ìwọ aboyún, tí ọmọkùnrin kan bá ti kú lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ pọ́n ní ìdílé ìyá rẹ, sọ ọ́ fún agbẹ̀bí rẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbé irú ẹ̀jẹ̀ yìí, torí ilẹ̀ tí a ti wá ni. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in, kó máa sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá fẹ́ fún un lóògùn, títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ gbé ọmọ tuntun sí ojúmọmọ lójoojúmọ́, kí ẹ wo ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó pọ́n, tí ọmọ kò mú ọmú dáadáa, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ wá nǹkan bò ó, kí ẹ máa lọ. Ìkómọ lè dúró.